Ojú Tí Ìye Fi Wo Omi

Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìye Ẹ́sítà, ìyá tó bí ìyá mi, ara mi ò balẹ̀. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń tú ilé pákó rẹ̀ lọ́wọ́ ní Zion Pepe, abúlé wa tó wà lórí omi, wọ́n ń to pákó sínú ọkọ̀, èmi sì ń lọ ń bọ̀ lórí afárá bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí páànù já bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìyá mi ní, "Bọ̀sẹ̀dé, bí o ò bá ní gbé pákó, kúrò lójú ọ̀nà. Lọ kọ ohun tí o ní o fẹ́ kọ." Mo wá jókòó sẹ́yìn ilé ìjọsìn, mo gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún. Mi ò ṣèlérí pé màá kọ ọ́ létòlétò. Ìye fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ létòlétò, àárín ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní kọ ibi tí wọ́n bí i sí àti ìgbà tó ṣègbéyàwó. Ọkùnrin tó ka ìtàn ayé rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú ti ka gbogbo ìyẹn, ó sì fi kún un pé ìyá jẹ́jẹ́ ni, pé kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀gbọ́n mi ló di aṣọ mi mú tí mi ò fi dìde. Ìye bá òkun jà. Ó bá àwọn oníbàárà jà. Ó bá àlùfáà jà pé ìwàásù rẹ̀ ń gùn jù, tí omi á ti fà kúrò kí àwọn tó wa ọkọ̀ wá tó lè padà sílé. Ó bá èmi náà jà lórí iṣẹ́ mi. Ìjà rẹ̀ kì í pẹ́, kì í sì í pariwo. Á sọ gbólóhùn kan, á padà sídìí ẹní tó ń hun, ìwọ ni wàá wá dúró síbẹ̀ tí wàá máa rò ó. Èdè Ìlàjẹ ló máa ń sọ, "ọma mi" ló máa ń pè mí. Mo kàn ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí ní ọ̀nà tí ará òkè, ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀, náà á fi gbọ́ ni. Ó dùn ju báyìí lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi òkun bẹ̀rẹ̀. Aráròmi ni ilé ọkọ rẹ̀, létí òkun gan-an, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wọlé. Àwọn aládùúgbò máa ń dúró títí omi á fi dé abẹ́ ilé kí wọ́n tó máa sá kiri. Ìye kì í dúró. Bó bá ti rí i pé ìgbì ń kó iyanrìn lọ lọ́nà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gun àga, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó. Ìyá mi ní wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á máa kọjá lọ, wọ́n á ní, "Ìye, òkun ò mà tíì dé o." Òun náà á dáhùn láti orí àga pé, "Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ kó bá mi nílé ni."

Ilé yẹn náà, pákó yẹn náà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí wọ́n kùn ní búlúù, ló ń wọ ọkọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn títí tó fi dé Zion Pepe. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní òkè kì í gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ọ́. Wọ́n ní ilé kì í rìn.

Àwọn tí ilé wọn dúró sójú kan kì í fẹ́ fọkàn tán wa, kékeré ni mo sì ti mọ ìyẹn. Mo máa ń tẹ̀ lé Ìye lọ ta ẹja gbígbẹ àti ẹní láwọn ọjà òkè. Lọ́jọ́ kan, nínú mọ́tò tí a wọ̀ ní Igbókọ̀dá, mo fọwọ́ kan bàtà ọmọ kékeré kan tí wọ́n gbé lé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí pé bàtà náà ń dán. Ìyá ọmọ náà fà á mọ́ra. Ó sọ fún ẹni tó jókòó tì í, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, pé kí èèyàn máa ṣọ́ra fún àwọn ará omi wọ̀nyí, wọ́n ń jí ọmọ gbé. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ṣí fèrèsé nítorí òórùn. Ìye ò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a dé ọjà, obìnrin yẹn kan náà wá bá wa, ó ń ná ẹja, ó ń bẹ̀ pé kí Ìye fún òun ní èyí tó sanra. Ìye fún un ní èyí tó sanra. Ìgbà tó lọ tán ló wá sọ fún mi pé, "Ẹja tí mo gbé lé itan nínú mọ́tò ni wọ́n ń jẹ, èmi ni wọn ò fẹ́ jókòó tì."

Mo bínú nígbà yẹn, mo ṣì ń bínú. Mi ò ní ìfarabalẹ̀ tirẹ̀, bóyá bàbá mi ni mo jọ.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin. Ẹni tó bá ti wọ ilé Ìye rí mọ̀ pé òfin bàsíà ló wà níbẹ̀. Bàsíà ẹja wà lọ́tọ̀, bàsíà aṣọ wà lọ́tọ̀, èyí tí a fi ń bọ́jú wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó o. Omi tí gbogbo ayé ń lò ló ń ṣàn gba abẹ́ ilé wa, bí èèyàn ò bá ya nǹkan sọ́tọ̀, inú á máa run àwọn ọmọ. Mo jẹ ìgbátí nígbà kan nítorí pé mo ki ẹsẹ̀ bọ bàsíà ẹja kí ara lè tù mí nínú oòrùn. Ìye ò ṣàlàyé òfin náà rí. "Lọ dà á nù" ni gbogbo ohun tó máa ń sọ.

Ọ̀rọ̀ bàsíà yìí ló mú mi dé orí fíìmù àwọn Rómà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Èkó ni pé mo ń gé fíìmù, mo sì ń tò ó pọ̀. Obìnrin kan tó kọ́ wa níṣẹ́ ló fún mi ní fíìmù kan nípa àwọn Rómà, ẹ̀yà kan tó wà káàkiri ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Láyé àwọn bàbá wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbé inú ilé onítáyà tí ẹṣin ń fà láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tún ìkòkò ṣe, wọ́n ń ta ẹṣin, wọ́n ń kọrin níbi ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti fìdí kalẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú sábà máa ń tì wọ́n sí etí ìlú, wọ́n sì ń pè wọ́n ní olè, wọ́n ń pè wọ́n ní ajọ́mọgbé. Mo gbé fíìmù náà lọ sílé nígbà Kérésìmesì. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ìye, mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí àpótí, mo ń sọ ohun tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń wí fún un.

Mo rò pé oorun á gbé e lọ. Oorun ò gbé e lọ. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú fíìmù náà tó ń gbé inú ilé onítáyà tí táyà rẹ̀ ti rì sínú koríko. Ó fọ abọ́ nínú bàsíà kan, nígbà tó kan aṣọ, ó lọ gbé bàsíà mìíràn. Ìye na ìka sí i, ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà sẹ́yìn, ó tún wò ó. Kò pẹ́ tí ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù kan fi yọjú, tó ń sọ pé ẹlẹ́gbin ni gbogbo wọn, tó ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin wọn kan kiri inú ṣọ́ọ̀bù pé kó má baà jí nǹkan. Ìye rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Ẹni tó ní bàsíà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń pè ní ẹlẹ́gbin. Òun ńkọ́, ta ló ti wo bàsíà tirẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè wọ́n ní Ìlàjẹ orí ilẹ̀. Bí mo bá pè é lórí fóònù láti Èkó, kó tó béèrè bóyá mo ti jẹun, á kọ́kọ́ béèrè àwọn Ìlàjẹ orí ilẹ̀, ṣé wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Mo máa ń ní rárá, wọn ò tíì fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí fíìmù náà parí lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí pé ta ló yà á. Mo ní ọ̀kan lára wọn ni, ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ó mi orí, ó ní òun ti mọ̀, nítorí pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń jókòó. Mi ò lóye. Ó ní gbogbo fíìmù tí òun ti rí tí wọ́n fi irú wa sí, sísá ni wọ́n máa ń sá. Bí wọn ò bá jí nǹkan kí wọ́n máa wa ọkọ̀ sá lọ, á jẹ́ pé nǹkan ń lé wọn. Kò sí ẹni tó ń fún wọn ní àga.

Ibẹ̀ náà ni ìjà iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an. Mo ní mo máa ń gé ohun tí kò wúlò kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹní. "Ta ló sọ pé kò wúlò?" Mo ní olùdarí fíìmù ni. Ó ní ẹni tí wọ́n yà ńkọ́, ṣé wọn kì í bi í? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ nípa àkókò, nípa àwọn tó máa wò ó, nípa bí fíìmù tó gùn jù ṣe ń sú èèyàn. Ó rẹ̀ mí lẹ́nu. Òun ti padà sídìí ẹní rẹ̀ tipẹ́, kò sì gbójú sókè nígbà tó wí pé, "Ọma mi, o ò tíì dáhùn."

Ìjà kan wà tí Ìye ò jà. Dàpọ̀ ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, àbúrò ìyá mi. Ó bá àwọn apẹja kan lọ sí ojú omi tó jìn, lápá Kamẹrúùnù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọkùnrin wa ti máa ń ṣe, ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ ò sì padà. Ẹnikẹ́ni ò rí wọn, ẹnikẹ́ni ò rí pákó ọkọ̀ náà. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ṣe ìsìn fún wọn ní ilé ìjọsìn. Ìye lọ, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ṣe àmín níbi tó yẹ kó ṣe é. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, kò bi Ọlọ́run ní ìbéèrè tí a gbọ́. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí omi. Á gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, á fún ojú pọ̀, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti mọ èèyàn kan lókèèrè. Bí a bá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, á ní òun ń gba afẹ́fẹ́. Àwa ọmọ kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó kọ́ wa.

Mo wà nílé nígbà tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù kan dé láti Èkó. Kì í ṣe àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Olùdarí wọn ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ, ọkùnrin gíga kan tó ń bẹ̀rù ọkọ̀. Fíìmù olè orí omi ni wọ́n fẹ́ yà: àwọn olè jí ọmọ olówó kan gbé ní òkè, wọ́n lọ fi í pamọ́ sí abúlé àwọn ará omi. Mo gbọ́ ìtàn náà, inú bí mi, ṣùgbọ́n inú àwọn ọmọ abúlé ń dùn pé wọ́n máa rí ara wọn nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní kí Ìye jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lásán, kí ọkọ̀ àwọn olè kọjá níwájú rẹ̀ láìpariwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbi iṣẹ́ rí. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í wa ọkọ̀ kọjá níwájú àgbàlagbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó má kí i. Fẹ́mi, ọmọ aládùúgbò wa, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá olè. Wọ́n kun èédú sí i lójú, wọ́n gbé ìbọn onígi kọ́ ọ lọ́rùn. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, orin kò sí, gbogbo wa dákẹ́. Nígbà tó dé iwájú ilé, Fẹ́mi gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè.

"Ìye, ẹ kú ìjókòó o."

"Kú iṣẹ́, ọma mi," Ìye dáhùn. "Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti ń sàn, mà."

Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ ní kí wọ́n dá a dúró. Ó ṣàlàyé fún wọn pé olè ni wọ́n, wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n padà lọ. Fẹ́mi fi eyín di ètè mú kọjá, àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló kí i. Wọ́n tún padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó la ẹnu, ṣùgbọ́n gbogbo wọn tẹrí ba, gbogbo àjẹ̀ lọ sókè, Ìye sì ju ọwọ́ sí wọn. Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ ṣí fìlà, ó fi lu itan.

"Olè ni yín. Ṣé olè máa ń kí èèyàn ni?"

Fẹ́mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Rárá, sà. Ṣùgbọ́n Ìye ni."

Ẹ̀rín pa wá. Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ yíjú sí Ìye, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má dá wọn lóhùn mọ́. Ìye ní, "Àwọn kí mi ni mo fi dá wọn lóhùn. Ìwọ ò tíì kí mi láti àárọ̀." Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ lórí pákó, ó yẹ kí n sọ ìyẹn nípa rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bà wá lórúkọ jẹ́ kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n rí ibi di ìbínú mi mú.

Ó wá ronú pé kí wọ́n ya àwọn olè lọ́tọ̀ níbi tí kò sí àgbàlagbà, kí wọ́n sì ya Ìye lọ́tọ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Ìyá, ẹ kàn máa wo omi. Ẹ ṣe é bí ẹni pé ọmọ yín kan wà lọ́nà tí ẹ ń retí rẹ̀." Kò mọ ohun tó sọ. Ìyá mi gbé garawa tó rù kalẹ̀. Mo fẹ́ lọ dá wọn dúró, ṣùgbọ́n Ìye ti ń bi í pé apá ibo ni kí òun wò. Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ nawọ́ sí ibi tí oòrùn á ti tàn sí i lójú dáadáa. "Rárá," Ìye wí, "apá ibí ló gbà lọ." Ó yí àga rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó wò.

Ẹni tó di kámẹ́rà mú fi apá nu ojú nígbà tó tán. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀, Ìye fà mí mọ́ra. "Ìwọ tó mọ iṣẹ́ náà, ṣé wọ́n rí i? Àwọn tó bá wò ó á mọ̀ pé mò ń retí ẹnì kan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó bá wò ó ló máa mọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ṣe kedere lójú rẹ̀. Ó ti wà nídìí omi yẹn tipẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí pé kó fi hàn bó ṣe rí.

Fíìmù náà jáde. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ àwọn olè ni Ìye ń wò. Wọ́n lẹ ọkọ̀ náà mọ́ ojú rẹ̀, ọmọ olówó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dì lọ́wọ́, wọ́n sì fi ohùn obìnrin mìíràn sí i, tó ń rẹ́rìn-ín bí àjẹ́, tó ń wí pé, "Ẹ gbé e wọlé, kí n wo ọmọ àwọn olówó." Ìyá àwọn olè ni wọ́n fi í ṣe. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ibi tí wọ́n ti gé e àti ibi tí wọ́n ti so ó, kò sì sí àbùkù kankan lára iṣẹ́ ọwọ́ náà. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ lórí fóònù, mo pariwo. Ó ní àròsọ ni, pé èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ojú ìyá yẹn ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn jù nínú fíìmù náà."

Fíìmù yẹn ṣì ń kiri. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ ra ìṣó ní Igbókọ̀dá, mo wọ mọ́tò kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níwájú mi sì ń wò ó lórí fóònù. Mo gbọ́ ẹ̀rín obìnrin yẹn kí n tó rí ojú Ìye. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn. Mo sọ fún un pé ìyá àgbà mi ni, pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni, pé kì í ṣe olè, pé ohùn yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Mo sọ fún ẹni tó jókòó tì í, mo sọ fún awakọ̀. Ọ̀rọ̀ mi sú wọn. Obìnrin kan ní, "Àǹtí, fíìmù ni, ẹ fara balẹ̀." Mo bọ́ sílẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ, kò sì wọ ẹnikẹ́ni létí.

Ọ̀nà tí Ìye gbà ṣe tirẹ̀ nígbà tó wà láàyè nìyí.

A ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un, ọmọdé kan ló tú u. Ọmọ náà sọ fún un pé wọ́n ń fi í hàn ní ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Igbókọ̀dá, pé wọ́n máa ń fi fíìmù sí i lọ́sàn-án kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ó bi ìyá mi pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún òun. Ìyá mi ní fíìmù náà ò dáa. Ìye ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ Dàpọ̀ wà níbẹ̀?" Ó lọ ró ìró rẹ̀ tó dára, ó wé gèlè, ó sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Èmi ni mo bá a lọ.

Ilé náà kún. Ará òkè wà níbẹ̀, ará omi wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì tó ṣẹ́kù wà lẹ́yìn pátápátá. Ìye ò ga, orí àwọn èèyàn dí i, òkè tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń rí. Nígbà tí ojú rẹ̀ yọ, gbogbo ilé hó. "Ìyá olè dé o." Ọkùnrin kan níwájú ń lu itan, ó ń sín ẹ̀rín obìnrin náà jẹ. Ìye tẹ̀ sí mi létí. "Kí ni wọ́n rí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

Ó dìde. Mo rò pé ilé la ń lọ. Ó gba àárín bẹ́ǹṣì lọ síwájú kó lè rí i dáadáa, ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, ẹnì kan ti mọ̀ ọ́n, ó ti ń fọwọ́ sí i pé, "Òun nìyí, òun gan-an nìyí." Ìye gbọ́. Ó yíjú padà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó kọjú sí gbogbo wa.

Onílé ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn."

"Ṣé mo dí yín?"

"Rárá, mà, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ máa wò ó, nígbà náà."

Ó dúró síbẹ̀ títí fíìmù náà fi parí. Kò fajú ro. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tún fi ojú rẹ̀ hàn, ẹ̀rín burúkú yẹn á jáde, àwọn èèyàn á wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á wo ìyá kúkúrú tó dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ lórí ìró. Àwọn kan ṣì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù wọn. Ọkùnrin tó ń lu itan ò lù ú mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kàn wà lórí itan náà. Mo wà lẹ́yìn, mò ń sunkún, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ tètè ṣú.

Nígbà tó parí, ọkùnrin náà sún kúrò lójú bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ìyá, ẹ wá jókòó." Ìye jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wá sọ fún onílé pé, "Ẹ bá mi dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i, èmi ò tíì rí i."

Onílé wo aago, bọ́ọ̀lù ti ń sún mọ́. Ó dá a padà. Àwọn díẹ̀ jáde, èyí tó pọ̀ jù jókòó. A tún wo àwọn olè, a tún wo ọmọ olówó, títí tí ojú rẹ̀ fi dé. Ìye gbé àgbọ̀n sókè, ó fún ojú pọ̀, ó ń wo ara rẹ̀. Ó dúró kí obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín tán. Ó wá yíjú sí ọkùnrin tó fún un láyè.

"Ohùn yẹn kì í ṣe tèmi," ó ní. "Dàpọ̀ ọmọ mi ni mò ń wò níbẹ̀ yẹn. Apá ibẹ̀ ló gbà lọ."

Ọkùnrin náà ní, "Ṣé ó ti pẹ́ tó lọ, mà?"

"Ó ti pẹ́."

Onílé dìde, ó na ọwọ́ sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, ó pa ohùn rẹ̀, a sì ń wò ó lọ bẹ́ẹ̀.